V Tí Mo Kà Sí Dọ́là Márùn-ún: Bí A Ti Ń Dá Níkẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ Amẹ́ríkà Mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Òwe yìí bá èmi tí mo ń kọ̀wé yìí wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ ni mí, tí mo sì gba ìwé ẹ̀rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹyọ owó onírin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìtìjú bá ìdílé wa, ẹnu èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín láì fi ohunkóhun pa mọ́, nítorí pé ẹ̀yin oníṣòwò ń gba owó lójoojúmọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sì ni àwọn ará ìlú ń kó ohun tí kò bá yé wọn wá bá.

Bàbá wa kékeré, àbúrò bàbá tí ó bí mi, gbé ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà wá sílé. Ohun tí ó fẹ́ràn ní ọ̀hún ni kí ó máa ra owó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lórí tábìlì lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀, a bá agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹyọ owó mẹ́tàlélógójì ni ó wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti dúdú, òmíràn ti fá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí ọdún ara rẹ̀ kà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí ó ń dán yanran bí òrùka ìgbéyàwó. Orí obìnrin kan tí ó dé adé wà lójú rẹ̀, ọdún 1883 sì wà nísàlẹ̀ orí náà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà V ńlá kan wà láàárín ewé tí a hun yíká.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún mi. Ó ní, “Tíṣà, ìwọ ni o kàwé nínú wa. Kí ni èyí?”

Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, V yìí ni àwọn ará Róòmù fi ń kọ márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i lójú aago ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀. N kò rí sẹ́ǹtì níbẹ̀. Dọ́là márùn-ún oníwúrà ni.” Bí mo ti sọ ọ́ nìyẹn, àfi bí ẹni pé ìṣojú mi ni wọ́n ṣe rọ ọ́.

N kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti ní ohun tí yóò fi owó náà ṣe. Ìjì ti ká páànù apá kan ilé bàbá wa lọ, yàrá tí òjò ń rọ̀ sí ni ìyá wa sì ń sùn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú ẹyọ owó náà tọ ìyá kan lọ tí ń ta páànù ní ọjà wa, ó fi í dógò, ó sì kó páànù tí yóò bo ilé náà tán. Àdéhùn wọn ni pé bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò rí owó san, wúrà náà di ti ìyá náà. Ìyá Onípáànù bi í bóyá wúrà ni ní tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, “Àbúrò mi tíṣà ni ó kà á.” Ó tó fún ìyá náà, nítorí pé méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí, àyà mi já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn owó náà kiri nínú ìwé, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó la ẹnu. Ohun tí mo rí kà nìyí.

BÍ NÍKẸ́Ẹ̀LÌ TI BẸ̀RẸ̀

Níkẹ́ẹ̀lì ni orúkọ irin funfun kan, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà orúkọ náà ti di ti owó sẹ́ǹtì márùn-ún. Ogún rẹ̀ ni ó ń jẹ́ dọ́là kan. Ní àtètèkọ́ṣe, fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe sẹ́ǹtì márùn-ún, ẹyọ kékeré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Àríwá àti ará Gúúsù ilẹ̀ náà ń bá ara wọn jagun láti 1861 dé 1865, ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, wọ́n kó wúrà àti fàdákà wọn pa mọ́. Owó wẹ́wẹ́ wá di ohun àwátì lọ́jà. Ìjọba níláti tẹ owó bébà kéékèèké, títí kan ti sẹ́ǹtì mẹ́ta, kí oníṣòwò lè rí ṣéńjì fún oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ṣéńjì bá wọ́n!

Bébà wọ̀nyí ń ya, wọ́n sì ń dọ̀tí. Ní 1865, wọ́n po bàbà pọ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi rọ sẹ́ǹtì mẹ́ta. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kárùn-ún 1866, wọ́n ṣe òfin pé kí a fi irú àdàlù náà rọ sẹ́ǹtì márùn-ún. Bí a bá pín irin ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ bàbà, ọ̀kan péré ni níkẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà dé ibẹ̀.

ALÁSÀ ÀTI ONÍ-V

Láti 1866 títí di ìgbà ogun àgbáyé kejì, ìrísí mẹ́rin ni níkẹ́ẹ̀lì ní. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè sọ ìgbà tí a rọ owó kan kí ó tó wá ọdún ara rẹ̀ rárá.

Èkínní ni alásà. James Longacre, ọ̀gá àwọn tí ń gbẹ́ àmì owó ní ilé ìrọwó Philadelphia, ni ó ya á. Asà wà lójú rẹ̀, ọdún wà nísàlẹ̀ asà náà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, 5 ńlá kan wà tí ìràwọ̀ mẹ́tàlá yí ká. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ìtànṣán bí ti oòrùn wà láàárín àwọn ìràwọ̀ náà. Ṣùgbọ́n irin níkẹ́ẹ̀lì le, iṣẹ́ ara owó náà sì pọ̀ jù, àwọn irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sì ń tètè bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1867 wọ́n yọ ìtànṣán náà kúrò. Nítorínáà, bí ẹ bá rí alásà tí ó ní ìtànṣán, 1866 tàbí 1867 ni, kò sí ẹ̀kẹta. Èyí tí kò bá ní i wà láàárín 1867 sí 1883. Ti 1877 àti ti 1878 ṣọ̀wọ́n gidigidi, nítorí pé àwọn tí ń kó owó jọ nìkan ni a rọ wọ́n fún, a kò rọ wọ́n fún níná lọ́jà.

Èkejì ni oní-V, èyí tí ó kó bá mi. Charles Barber ni ó ya á, ó sì jáde ní 1883. Gẹ́gẹ́ bí sẹ́ǹtì mẹ́ta ti 1865 kò ti ní ju III lọ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi V nìkan sí ẹ̀yìn owó tuntun yìí, wọn kò kọ CENTS sí i. Àṣìṣe ńlá ni. Ní àkókò náà, dọ́là márùn-ún oníwúrà wà lọ́jà, orí obìnrin aládé sì wà lójú òun náà. Fífẹ̀ níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ mìlímítà 21.2, ti wúrà jẹ́ 21.6. Ta ni yóò fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn?

Àwọn gbájú-ẹ̀ kò jáfara. Wọ́n ń mú níkẹ́ẹ̀lì tuntun, wọ́n ń fi omi wúrà bò ó, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé etí rẹ̀ wínníwínní kí ó lè jọ etí owó wúrà. Ohun tí ó jẹ́ sẹ́ǹtì márùn-ún di dọ́là márùn-ún lọ́wọ́ wọn. Owó kan di ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀! Ìtàn kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ, ìtàn ẹnu ni o, nípa ọkùnrin kan tí ó jẹ́ odi, tí ó máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra sìgá sẹ́ǹtì márùn-ún. Yóò gbé owó dídán náà lélẹ̀, yóò sì dúró. Bí onítajà bá fún un ní ṣéńjì dọ́là márùn-ún, yóò kó o sápò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé kóòtù, kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí pé ó pè é ní dọ́là márùn-ún, nítorí pé kò sọ̀rọ̀ rí!

Ilé ìrọwó kò jẹ́ kí ó pẹ́. Láàárín ọdún 1883 náà, wọ́n kọ CENTS sísàlẹ̀ V. Ṣùgbọ́n ẹyọ tí ó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ ti jáde láìní i. Nítorínáà, V èyíkéyìí tí kò bá ní CENTS, 1883 ni. Láti ìgbà náà títí dé 1912, gbogbo wọn ní i.

Nígbà tí mo kà á dé ibí, mo pa ìwé dé. Ohun tí ó tan àwọn onítajà Amẹ́ríkà ní 1883 gan-an ni ó tan èmi náà. Àwọn tilẹ̀ rí gbájú-ẹ̀ tí ó tàn wọ́n. Ní tèmi, èmi fúnra mi ni mo tan ara mi, mo sì tan ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn.

LẸ́TÀ KÉKERÉ ÀTI ẸFỌ̀N

Ẹ jẹ́ kí n parí ìyókù kí n tó padà sọ́dọ̀ Ìyá Onípáànù. Títí dé 1911, Philadelphia nìkan ni ó ń rọ níkẹ́ẹ̀lì, kò sì fi àmì kankan sí i. Ní 1912, ilé ìrọwó Denver bẹ̀rẹ̀ sí í fi D sí tirẹ̀, ti San Francisco sì ń fi S, ní ẹ̀yìn owó, nísàlẹ̀ lápá òsì, nítòsí CENTS. Àwọn bàbá wa mọ irú àmì báyìí, bí wọn kò tilẹ̀ kọbi ara sí i: lára owó oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, H ni àmì ilé Heaton, KN sì ni àmì ilé King's Norton, àwọn tí wọ́n bá ìjọba rọ ọ́ ní Ìlú Ọba.

Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́fọ̀n, tí a rọ láti 1913 dé 1938. James Fraser ni ó ya á. Ojú rẹ̀ ni orí ọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó fi ìyẹ́ sí irun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn. Owó yìí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Èjìká ọkùnrin náà, níbi tí ó yọ síta, ni wọ́n kọ ọdún sí. Nítorínáà ọdún ni ọwọ́ ènìyàn kọ́kọ́ ń fá kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, orí òkìtì ni ẹfọ̀n dúró sí, ara òkìtì náà ni wọ́n sì kọ FIVE CENTS sí. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà yóò tètè fá, ni wọ́n bá gé òkìtì náà di ilà títẹ́jú láàárín ọdún 1913 kan náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ọdún bá tilẹ̀ ti parẹ́ lára ẹlẹ́fọ̀n, tí ẹ bá rí òkìtì, 1913 ni. D tàbí S rẹ̀ wà lábẹ́ FIVE CENTS.

Àwọn kan máa ń kán omi kẹ́míkà tí ń jẹ irin sí èjìká náà kí ọdún tí ó ti parẹ́ lè hàn fírífírí. Yóò hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú owó náà yóò bàjẹ́, iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Èmi kò ní ṣẹ̀fẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí èyí. Kí n tó ka ìwé kankan, mo ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ẹyọ méje nínú owó bàbá wa kékeré. Mo ń retí kí wọ́n dán. Wọ́n dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára ẹlẹ́fọ̀n méjì tí a ti rí 192 kà tẹ́lẹ̀, kò ku nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti Jefferson, ààrẹ ẹ̀kẹta ní Amẹ́ríkà, tí Felix Schlag yà ní 1938. Orí Jefferson wà lójú rẹ̀, ilé rẹ̀ tí ń jẹ́ Monticello sì wà lẹ́yìn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n nílò níkẹ́ẹ̀lì fún ohun ìjà. Láti 1942 dé 1945, wọ́n yọ níkẹ́ẹ̀lì kúrò nínú níkẹ́ẹ̀lì! Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n, 56 jẹ́ bàbà, 35 jẹ́ fàdákà, 9 jẹ́ irin tí ń jẹ́ manganese. Kí a lè dá wọn mọ̀, wọ́n fi lẹ́tà ńlá sí òkè ilé náà, P, D tàbí S. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Philadelphia fi P sí owó rẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà, ọkùnrin kan ní New Jersey rọ ayédèrú, ó kọ 1944 sí i, ṣùgbọ́n ó gbàgbé P. Àìsí lẹ́tà kan yìí ni a fi ń mọ ọ̀pọ̀ ayédèrú rẹ̀ títí di òní.

LÓRÍ ÒṢÙWỌ̀N

Mo tọ Ìyá Onípáànù lọ, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé owó yẹn dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà.” Ó wò mí lójú, kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú un jáde, a sì jọ lọ.

Dọ́là márùn-ún oníwúrà ìgbà náà wọn gíráàmù 8 àti díẹ̀. Àwòrán ẹyẹ idì ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe V, wọ́n sì kọ FIVE D. sí i. Alágbẹ̀dẹ gbé tiwa lé òṣùwọ̀n. Gíráàmù 5 ni. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo etí rẹ̀. Wúrà ti ṣí lójú kan níbẹ̀, irin funfun sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e padà lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ. Mo ní, “Màmá, ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ fún yín. Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Ẹnìkan ti wá bá mi lánàá pé òun fẹ́ ra wúrà náà. Bí mo bá ti tà á fún un, èmi ni wọn ì bá pè ní olè ní ọjà tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún.”

Wọ́n ti kan páànù náà mọ́lé, a kò lè ká a padà. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Níkẹyìn a jókòó, a pín gbèsè náà sí méjì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san tèmi nínú owó oṣù mi. Ọjọ́ tí mo san èyí tí ó kẹ́yìn ni ìyá náà dá níkẹ́ẹ̀lì náà padà fún mi, tí ó sì fi ẹyin adìẹ mẹ́fà lé e pé kí n kó fún ìyàwó mi.

ÈYÍ TÍ WỌ́N PÈ NÍ AYÉDÈRÚ

Kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀tàn nìkan ni ó wà nínú owó àtijọ́, ẹ gbọ́ èyí tí ó jẹ́ òdìkejì tèmi. Mo ti sọ pé oní-V parí ní 1912. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 1919, Samuel Brown, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìrọwó Philadelphia, polówó nínú ìwé ìròyìn àwọn akówójọ pé òun fẹ́ ra oní-V tí ó ní ọdún 1913. Ní 1920, òun fúnra rẹ̀ mú un jáde. Márùn-ún péré ni a mọ̀ ní gbogbo ayé.

Ọ̀kan nínú márààrún wà lọ́wọ́ George Walton, akówójọ kan. Ní 1962, ọkọ̀ rẹ̀ ní jàǹbá ní North Carolina, ó sì kú. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé owó náà fún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ayédèrú ni, pé ṣe ni wọ́n yí ọdún ara rẹ̀ padà. Arábìnrin rẹ̀ kò sọ ọ́ nù. Ó fi í sínú àpò ìwé, ó sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ibẹ̀ ni ó wà títí arábìnrin náà fi kú. Ní 2003, wọ́n fẹ́ kó mẹ́rin yòókù jọ fún ìpàtẹ ní Baltimore, àwọn ọmọ arábìnrin náà sì gbé tiwọn lọ. Àwọn amòye mẹ́fà fi í wé mẹ́rin yòókù, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé ojúlówó ni. Ní 2013 wọ́n tà á ní dọ́là tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Ẹ ò rí i? Èmi pe sẹ́ǹtì márùn-ún ní wúrà; àwọn yẹn pe ìṣúra ní ayédèrú. Àṣìṣe kan náà ni: a yára sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Nítorínáà, bí ẹ bá bá owó àjèjì nínú ẹrù òkú tàbí lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má bó o. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ wo àwòrán ojú àti ẹ̀yìn kí ẹ tó wá ọdún, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lẹ́tà kékeré. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ sì má fi í dógò, ẹ má sì gbà á ní ìdógò, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó wò ó.

Níkẹ́ẹ̀lì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ilé-ìwé nísinsìnyí. Lọ́dọọdún ni mo ń gbé e yí kíláàsì ká, tí mo sì ń bi àwọn ọmọ pé kí ni. Púpọ̀ nínú wọn a máa pariwo pé wúrà ni. Ní ọdún yìí, ọmọbìnrin kékeré kan gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Sà, n kò tíì mọ̀. Ṣé mo lè wọ̀n ọ́n?” Mo fún un ní máàkì tí ó kún.